Imú Màmá àti Ìgò Òbúkọ

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ, 1996

Màmá dé láti Ìsẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí Bàbá ti kú, àwọn ọmọ sì fẹnu kò pé kò yẹ kí Màmá máa dá gbé mọ́. Àpótí kan, ẹní ìkírun kan, àti irú wooro tí wọ́n dì sínú ike. Wọ́n yẹ ilé wò láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. "Ìyàwó, ilé yín mọ́. Ó tiẹ̀ mọ́ jù." Mi ò tíì mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Àwa olùkọ́ yunifásítì ṣì wà lẹ́nu ìdaṣẹ́sílẹ̀, nítorí náà ilé ni mo wà. Ẹnjiníà — ọkọ mi, Mánsúrù Àjàgbé, ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń sọ omi di mímu l'Ẹ́lẹ́yẹlé — kí ìyá rẹ̀ káàbọ̀, ó jẹun, ó wọ bàtà, ó kọrí sí àdúgbò Ṣálẹ́ǹjì lọ ta ayò dráfù. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń lọ. Ìgbà tí oorun bá ti ń kun èèyàn ló máa ń dé.

Màmá wo ẹnu ọ̀nà tó gbà jáde.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹjọ

Òjò látàárọ̀. Màmá ti mọ orúkọ gbogbo ará òpópónà wa ní Bódìjà. Èmi tí mo ti ń gbébẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mo mọ ẹni méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kẹjọ

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Màmá jókòó ní pálọ̀, lórí àga onítìmùtìmù tí Ẹnjiníà máa ń jókòó sí. Mo gbé tíì wá. Ojú wọn wà ní dídì, orí wọn fi ara ti ẹ̀yìn àga, wọ́n ń fa imú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo béèrè pé ṣé kò sí.

"Kò sí o. Bàbá Mánsúrù ló wá."

"Bàbá wo, Màmá?"

"Bàbá wo ni Mánsúrù tún ní?"

Wọ́n gba tíì wọn, wọ́n mu ún. Wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ kéré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Ẹnjiníà nídìí búrẹ́dì àárọ̀. Bóyá ó yẹ kí n kọ́kọ́ ronú. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

"Màmá, Fọláyọ̀ ní ẹ ní Bàbá wá sílé."

"Ó wá. Ó tún ti lọ."

"Ṣé ẹ rí i ni?"

"Mi ò rí i. Òórùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ṣé èèyàn á bá ọkọ gbé ọjọ́ ayé rẹ̀ kó má mọ òórùn rẹ̀ ni?"

Ẹnjiníà kò lọ sí Ṣálẹ́ǹjì lónìí. Orí àga tábìlì ìjẹun ló jókòó sí, tó ń fi ojú ṣọ́ pálọ̀. Àga tirẹ̀ gan-an, kò sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹjọ

Mùsílímátù ti gbọ́. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́nu géètì wa, èmi nìkan ló sì mọ̀ pé Rédíò Bódìjà ni mo ń pè é. Kó tó di ọ̀sán, àwọn kan tí mi ò mọ̀ rí ti wá kí wa. Ojú wọn kò kúrò lára àga.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹjọ

Ojoojúmọ́ ni Màmá ń sọ ọ́ báyìí pé Bàbá wá. Ẹnjiníà tún dé kí wọ́n tó pe ìrun Mágíríbì. Ó ti rí dókítà kan ní Ríǹgì Róòdù, ìyẹn sì ti bá a sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ àgbàlagbà tó ń dàrú. Ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ṣùkúrát ní Ṣakí sọ̀rọ̀ náà. Ṣùkúrát ní yàrá kan ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níta.

Mo ní kí ló dé tó fi wà níta.

"Kí wọ́n má bàa rìn lọ sójú títì, Fọláyọ̀. O rò pé ó wù mí?"

Ní ìparí oṣù yìí ló fẹ́ gbé wọn lọ. Kò tíì sọ fún wọn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a sin Bàbá.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹjọ

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ìwádìí lórí imú ni mo fi gba oyè dókítà. Kí n wá jókòó sínú ilé mi, kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé nítorí ohun tí imú rẹ̀ sọ?

Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga, mo ti imú bọ tìmùtìmù, mo fà á dáadáa, apá ọ̀tún, apá òsì, ẹ̀yìn. Eruku lásán. Bí mo ṣe gbójú sókè, Mùsílímátù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búláòsì mi lọ́wọ́. Ó rọra gbé e sórí tábìlì. Ó rọra jáde.

Ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń sọ ládùúgbò pé èmi náà ti ń bá Bàbá pàdé.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá Rédíò ní ṣọ́ọ̀bù kí n tún ọ̀rọ̀ ara mi ṣe. Mo wá rí i pé télọ̀ ló yẹ kí n ti máa ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó yé e ju àwọn ọmọ ọdún kìíní mi lọ.

Mo ní: lókè pátápátá nínú imú, àyè kékeré kan wà tí kò tóbi ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ní irun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Purotéènì tó ń gba òórùn wà lára irun yẹn, bí òwú tí abẹ́rẹ́ fà gba inú aṣọ: ó wọlé, ó jáde, títí tó fi gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá nígbà méje. Àlàfo tó wà láàárín òwú yẹn ni òórùn ń wọ̀. Tó bá ti wọ̀ ọ́, sẹ́ẹ̀lì á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Oríṣiríṣi purotéènì bẹ́ẹ̀ ló wà, wọ́n fojú bù ú tó ẹgbẹ̀rún, jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ òbí sì ni pátánì tí ara fi ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní tí pátánì bá yẹ̀ díẹ̀ ńkọ́?

Mo ní ọrùn aṣọ á há, orí ò ní wọlé. Ẹlòmíràn lè máa gbọ́ òórùn tí ìwọ ò gbọ́ rárá, orí rẹ̀ sì pé, orí tìrẹ náà pé.

"Nítorí náà imú tìrẹ há."

"Bóyá fún òórùn kan péré, Mùsílímátù."

"Dókítà imú tí imú rẹ̀ há!" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ìròyìn aago mẹ́fà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn bọ̀ wálé ni mo rántí ìgò kan. Ọ̀rẹ́ mi kan lókè òkun ló fi ránṣẹ́ kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èròjà tó wà nínú rẹ̀ máa ń wà lára ẹlẹ́dẹ̀ akọ, ó sì máa ń wà nínú òógùn abíyá ọkùnrin. Orúkọ rẹ̀ gùn, Òbúkọ ni mo sọ ọ́. Àwọn kan gbọ́ ọ bí ìtọ̀, àwọn kan bí òdòdó, àwọn tó pọ̀ ò sì gbọ́ nǹkan kan. Láti inú ìdílé ni ti púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Èmi ò gbọ́ ọ. Mo ti rò pé ìgò náà ti gbẹ.

Òógùn ọkùnrin. Àga Ẹnjiníà. Bàbá!

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹjọ

Mo ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Mo bà á jẹ́ fúnra mi, ọ̀nà tí mo fi bà á jẹ́ sì yẹ kó wà nínú ìwé tí a ń kọ́ ọmọ.

Mo kó wọn jọ sí pálọ̀: Màmá, Ẹnjiníà, Mùsílímátù, àti Tíṣà Ayẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ìgò méjì, Òbúkọ nínú ọ̀kan, òróró lásán nínú èkejì. Nítorí pé Màmá ni àgbà, àwọn ni mo kọ́kọ́ gbé e fún.

"Háà! Òun nìyí!"

Ó tán. Ta ni ó wá sọ pé òun ò gbọ́ ohun tí àgbà gbọ́? Mùsílímátù gbọ́. Tíṣà gbọ́. Ẹnjiníà tó ti fi ojú bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é, òun náà ní òun gbọ́ "díẹ̀". Mo gbé òróró lé wọn lọ́wọ́. Màmá gbé e símú, wọ́n kàn wúkọ́, wọ́n gbé e fún Tíṣà.

Tíṣà mi orí. "Eléyìí tiẹ̀ le jù."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹjọ

Mo tún un ṣe, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ìdáná, ilẹ̀kùn ní títì. Màmá ni mo fi kẹ́yìn.

Mùsílímátù: ó ta padà lu fìríìjì. "Ìtọ̀ òbúkọ! Dókítà, kí ni mo ṣe fún ẹ?" Tíṣà: wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ó dà bí ìpara tí ìyàwó àwọn máa ń lò nígbà tó wà ní ọmọge, wọ́n tún béèrè bóyá ó wà fún títà. Ẹnjiníà: kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ṣebí o gbọ́ ọ lánàá? Ó ní lánàá, ìyá òun ló gbọ́ ọ.

Màmá: mo da àwọn ìgò rú léraléra. Wọn ò ṣì í mú rí. Ìgbà tó yá, wọ́n ní ṣé kò sú mi ni.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹjọ

Síńgílẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ti Ẹnjiníà, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Tíṣà (bí mo ṣe rí ti Tíṣà mú kì í ṣe ohun tí à ń kọ sílẹ̀). Mo ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò láílọ́ọ̀nù tirẹ̀, àwọn àpò náà sì jọra. Màmá ti imú bọ àkọ́kọ́, wọ́n gbé e sílẹ̀. Ìkejì, wọ́n ní "Ìwọ nìyí, ìyàwó, lọ wẹ̀." Ìkẹta, wọ́n gbé e símú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi àpò náà sórí itan wọn, wọ́n fi ọwọ́ bò ó.

Ti Ẹnjiníà ni.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ ká aṣọ tí kò tíì gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹjọ

Mo ṣàlàyé fún Ẹnjiníà. Mo fi sùúrù ṣe é, mo ya imú fún un, mo ya òwú tó gba inú awọ kọjá nígbà méje. Òun náà fi sùúrù gbọ́.

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mò ń rùn."

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òórùn bàbá rẹ wà lára rẹ. Imú ìyá rẹ dá ṣáká. Orí wọn náà dá ṣáká."

"Àmọ́ mò ń rùn."

"Mi ò lè sọ. Imú mi há."

Ó wẹ̀. Ó tún wẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ mọ́tò lọ sí Dùgbẹ̀ lọ tẹ Ṣùkúrát láago: kó má wulẹ̀ palẹ̀ yàrá kankan mọ́. Nígbà tó dé, ó tún wẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láìsọ ìdí. Màmá ní kó dìde, ó ń da omi sílẹ̀.

Mo sùn dáadáa. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣiṣẹ́ lónìí.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kẹjọ

Ẹnjiníà ti padà sí Ṣálẹ́ǹjì.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹjọ

Ó tún lọ. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́, mo ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ mi.

"Ìyàwó, o ti bà á jẹ́."

Mo ní kí ni mo bà jẹ́. Mo ní ṣé wọ́n mọ̀ pé Ẹnjiníà ti fẹ́ gbé wọn lọ bá Ṣùkúrát ní Ṣakí, kí ìyẹn tì wọ́n mọ́lé?

"Ṣùkúrát? Ilẹ̀kùn wo ni Ṣùkúrát fẹ́ tì mọ́ mi? Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn." Wọ́n bá mi ṣa ẹ̀wà díẹ̀. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, òótọ́ ni. Mo jókòó, mo gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó wá bá mi báyìí. Ara mi bù máṣọ. Mo yíjú wẹ́yìn, mo rò pé ó dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti mọ̀ pé Àkànmú ni, Mánsúrù ọmọ mi. Ta ló bí i? Ṣé ìwé ló máa wá sọ òórùn ọmọ mi fún mi?"

"Màmá! Ẹ mọ̀? Ẹ wá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé Bàbá wá?"

"Lọ́jọ́ kejì tí mo sọ ọ́, kí wọ́n tó pe Mágíríbì, ọmọ mi ti wà nílé. Lọ́jọ́ kẹta, ó wà nílé. Mo bi í léèrè iṣẹ́, ó dá mi lóhùn. Láti Ìsẹ́yìn ni mo ti wá, Fọláyọ̀. Ṣé àga ni mo wá wò?"

Fọláyọ̀. Wọn ò pe orúkọ mi rí. Mo ṣa òkúta kan tí kò sí níbẹ̀.

Wọ́n tún ní: "Nínú gbogbo ìwé tó o kà yẹn, kò síbì kankan tó ní kí ọkùnrin jókòó sílé?"

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kẹjọ

Ó wà níbì kan.

Wọ́n ti ṣe é lókè òkun ní ọdún méje sẹ́yìn: àwọn tí kò gbọ́ Òbúkọ, wọ́n ní kí wọ́n máa gbóòórùn ìgò náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Imú àwọn kan ṣí. Bóyá purotéènì wọn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń sùn ni, ẹnikẹ́ni ò tíì lè sọ.

Mo lọ ṣe ẹ̀dà ìwé náà l'Ágbowó. Mo gbé e síwájú Ẹnjiníà. Mo ní ìwádìí mi nílò ẹni tí kò gbọ́ ọ.

"Ìwọ náà ò gbọ́ ọ."

"Èmi ni olùwádìí."

Mo ka òfin fún un: kó fi imú fà á kí Mágíríbì tó dé, kó tún fà á lẹ́yìn ìrun Ìṣáà lálẹ́, orí àga kan náà, ní pálọ̀. Ní àárín méjèèjì, imú gbọ́dọ̀ sinmi. Kò gbọdọ̀ gbọ́ èéfín mọ́tò, kò gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń yan súyà. Ṣálẹ́ǹjì kún fún méjèèjì.

Ìsinmi yẹn kò sí nínú ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo fi nǹkan tí kò sí kún iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹjọ

Ẹnjiníà gbé ìgò símú bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé kiníìnì mì. Nǹkan kan ò sí. Màmá jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ti gbé ọpọ́n dráfù rẹ̀ wálé. Ó ní òun á máa dá ta á. Màmá ní kó to ọmọ ayò tiwọn náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó tò ó. Màmá pa á láyò.

"Màmá! Ta ló kọ́ yín?"

"Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ n'Ísẹ́yìn, ta lo rò pé bàbá rẹ ń bá ta?"

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n tún pa á.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá láti Ṣálẹ́ǹjì, wọ́n ní ṣé kò ṣàìsàn. Mùsílímátù ti sọ fún wọn lẹ́nu géètì pé ìyàwó rẹ̀ ń fi oògùn dá a dúró sílé, inú ìgò ló wà. Wọ́n kọ̀, wọn ò mu omi mi.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọ̀tá.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Imú Ẹnjiníà: bó ṣe wà. Tèmi, tí mò ń fi ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ láràárọ̀: bó ṣe wà. Màmá ti sọ ìtàn bí Bàbá ṣe ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, tó fi ń tì í rìn láàárín ìlú fún odidi oṣù kan kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ẹnjiníà ò gbọ́ ọ rí. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi ọwọ́ gba ọpọ́n dànù. Màmá ní ọgbọ́n àtiyọ nínú ìyà ni, kó tún un tò.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ṣẹlẹ̀ lónìí. Tàbí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Lẹ́yìn Ìṣáà, Ẹnjiníà gbé ìgò símú. Ó dúró. Ó tún fà á. Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Dókítà, mo gbọ́ ọ."

"Kí ló jọ?"

Kò wo ojú mi. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. "Bàbá ni."

Màmá tó fẹ́ ta ayò kan, wọn ò ta á mọ́. Wọ́n di ọmọ ayò náà mọ́ ọwọ́. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Mo bọ́ sí ilé ìdáná kí n ronú. Tí imú rẹ̀ ò bá gbọ́ ọ láti kékeré, a jẹ́ pé kò gbọ́ ọ lára bàbá rẹ̀ rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lónìí, òórùn àjèjì ló yẹ kó jẹ́. Kò lè dá a mọ̀. Kò sí bí jíìnì kankan ṣe lè ṣe é. Irọ́ ló pa.

Ó gbé ife wọlé wá fọ̀. Mo bi í léèrè. Ó fọ ife náà dáadáa, ó ṣan án, ó dà á bolẹ̀.

"Ìsinmi láàárín Mágíríbì àti Ìṣáà yẹn," ó ní, "ojú ìwé wo ló wà?"

Mo na aṣọ ìnuwọ́ sí i.

"Mo ka ìwé náà, Fọláyọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó o fún mi. Mo kà á tán."

"Kí ló dé tó o wá jókòó?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti ń dúró kí òun rí ẹni tó máa ní kí òun jókòó. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, òun ò mọ ohun tí òun lè bá ìyá òun sọ nínú ilé tí kò ti sí Bàbá mọ́.

Ó padà sí pálọ̀. Mo gbọ́ tó fa àga. Mo gbọ́ tí wọ́n ń to ọmọ ayò.

"Màmá, kò tíì dá mi lójú o. Ó jọ pé mo ṣì í gbọ́ ni. Ó yẹ kí n tún wò ó lọ́la."

"Àbí?" ni Màmá wí. "Imú kì í ṣí lọ́jọ́ kan. Ta ayò."

Mo kọ àbájáde sílẹ̀ báyìí: imú ẹni tí à ń yẹ̀ wò kò tíì ṣí. Ìwádìí ń bá a lọ.